Ìwé Orin Inú Awọ Ara

 

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí síwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún yín kí ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ dúdú, àtẹ́lẹwọ́ pọ́n. Irun hù sí ẹ̀yìn ọwọ́, kò sí ẹyọ irun kan ní àtẹ́lẹwọ́. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè fi ìka méjì fà á sókè. Ti àtẹ́lẹwọ́ nípọn, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹran ṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ni o, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì ń ṣàn nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ la bá ilà, a kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Èmi gẹ́gẹ́ bí oníwàásù mọ Ẹni tí mo gbà pé ó kọ ọ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kan ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa béèrè ju ìyẹn lọ. Ó ní, "Pásítọ̀, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ni. Báwo ló ṣe ṣe é?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kò dé ibẹ̀. Mo lọ bá arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun ló kọ́kọ́ là mí lójú, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń ka ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. N kò kọ ọ́ síbí láti fi ara mi hàn bí ọ̀mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ awọ ara fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan ká lójú mi, n ó sì sọ ọ́ bí mo bá dé ibẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ara wa, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé, àfi pé wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ìwé kan wà tí a kọ ìlànà bí a ó ti ṣe ènìyàn sí. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ìwé orin, nítorí pé gbogbo wa la mọ ìwé orin. Orin kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì, wọ́n sì tó bí 20,000. Ní ọdún 2003 ni wọ́n kéde pé àwọn ti ka ìwé náà tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2022 ni àwọn ojú ewé tó le jù tó ṣeé kà pé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìwé orin kan náà gan-an ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ojú, nínú ti ẹ̀dọ̀, nínú ti àtẹ́lẹwọ́. Kò sí èyí tí a dín tirẹ̀ kù. Kí ló wá fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn? Ẹ wo bí a ti ń ṣe nínú ìsìn. Ìwé orin kan náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo ìjọ, ṣùgbọ́n a kì í kọ gbogbo orin inú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ariwo lásán ni ìyẹn ì bá jẹ́. Ẹnì kan ní láti dìde kó pe nọ́mbà. Èyí tó bá pè ni a ó ṣí, àwọn yòókù á wà ní pípadé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú ara. Nọ́mbà tí wọ́n ń pè nínú ẹ̀dọ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè nínú awọ, èyí tí wọ́n sì ń pè ní ẹ̀yìn ọwọ́ kọ́ ni wọ́n ń pè ní àtẹ́lẹwọ́.

Nígbà tí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni olúkúlùkù wa. Ó pín sí méjì, méjì di mẹ́rin, títí ó fi pọ̀ rẹpẹtẹ. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, awọ tó bo ọlẹ̀ kò ju ìpele kan ṣoṣo lọ. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní p63, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa pe nọ́mbà fún àwọn jíìnì mìíràn kí awọ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìpele lórí ìpele. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà mú jíìnì yìí kúrò lára eku. Àwọn ọmọ eku náà wá sáyé láìní awọ tó pé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kò hù dáadáa, omi ara wọn gbẹ, wọ́n sì kú láìpẹ́. Gbogbo orin ìyókù ṣì wà nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pè wọ́n.

Ilà orí ìka tí a fi ń tẹ̀ka ní báńkì àti níbi ìdìbò, kí oyún tó pé oṣù márùn-ún ló ti wà lọ́wọ́ ọmọ. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ṣàlàyé bó ti ń ṣẹlẹ̀: ìránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní WNT ń sọ fún awọ pé kó gbéra sókè, òmíràn tí wọ́n ń pè ní BMP ń sọ pé kó dúró. Níbi tí èkíní ti borí, ebè hù. Níbi tí èkejì ti borí, poro wà láàárín. Àgbẹ̀ tó bá ti kọ ebè iṣu rí mọ ohun tí mò ń wí. Nítorí pé àwọn nǹkan kéékèèké inú oyún náà ń nípa lórí ibi tí ebè yóò ti bẹ̀rẹ̀, Táíwò àti Kẹ́hìndé tó jọra bí ìmumu, tí ìwé orin wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kì í ní ìtẹ̀ka kan náà.

Ta wá ni ẹni tó ń pe nọ́mbà? Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé awọ òkè tí à ń fojú rí ló ń dá ìpinnu ara rẹ̀ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ abẹ́ rẹ̀ ló ń pàṣẹ. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà mú ẹran abẹ́ awọ itan ọmọ adìẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, wọ́n sì fi í sábẹ́ awọ apá rẹ̀. Ìyẹ́ itan ló hù sórí apá! Awọ òkè gbọ́ràn sí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ àtẹ́lẹwọ́ wa náà nìyẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń po àwọ̀ dúdú sí wa lára. Aláró ni mo ń pè wọ́n. Nínú oyún, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn yóò wà ni wọ́n ti ń gbéra, tí wọ́n á rìn lọ sí gbogbo ara. (Iye aláró tó wà lára òyìnbó àti lára ènìyàn dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí aró ti pọ̀ tó ni ìyàtọ̀.) Ní ọdún 2004, Yuji Yamaguchi àti Vincent Hearing pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé awọ abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń rán iṣẹ́ kan jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ń sọ fún àwọn aláró pé kí wọ́n má ṣe bí sí i, kí wọ́n sì rọra po aró. Iṣẹ́ kan náà ló tún ń mú kí awọ ibẹ̀ nípọn. Orúkọ rẹ̀ ni DKK1, láti inú ọ̀rọ̀ Jámánì kan tó túmọ̀ sí olórí kunkun. Mo mọ àwọn kan tí orúkọ náà ì bá bá mu, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kajú lọ́dọ̀ wa ti rí ẹ̀rí èyí láìmọ̀. Epo inú èèpo kajú a máa jó ọwọ́, awọ á sì ṣí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awọ tuntun á dé, yóò nípọn, yóò pọ́n, àwọn ilà àtijọ́ yóò sì padà sí ààyè wọn. Ẹni tó ń pe nọ́mbà wà nísàlẹ̀, iná náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá jìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àpá ni yóò kù.

Ìyá mi sin adìẹ, abọ́lọ́rùn sì wà nínú wọn, adìẹ tí ọrùn rẹ̀ rí borokoto láìní ìyẹ́. Nígbà náà, àwọn kan kì í fẹ́ rà á lọ́jà. Wọ́n ní adìẹ ètùtù ni, pé nǹkan kan ló ṣe é. Ìyá mi kì í dá wọn lóhùn, torí ó ti rí i pé bí oòrùn bá mú tí àwọn adìẹ yòókù ń mí hẹlẹ, abọ́lọ́rùn ṣì ń jẹ kiri. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Edinburgh tú àṣírí rẹ̀. Orin tó ń dá ìyẹ́ dúró, BMP12, kò bà jẹ́ rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwé gígùn kan já wọ inú ìwé orin adìẹ náà, níbi tó jìnnà sí orin ọ̀hún, ó sì mú kí wọ́n máa fi ohùn tó le jù pè é. Gbogbo awọ ara adìẹ ló gbọ́ ohùn náà, ìyẹ́ rẹ̀ sì dín kù níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ọrùn ló gbọ́ ọ jù, nítorí pé ohun kan tó bá fítámì A tan wà ní awọ ọrùn tó ń jẹ́ kó tètè gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ń pá nígbà tí ẹ̀yìn ṣì ní ìyẹ́. Èyí tó gba ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá máa ń ní ìyẹ́ tó dín ní bí ìdá 40 nínú 100. Ẹyọ kan péré á ṣì fi ìdì ìyẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọrùn. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá tún rí i lọ́jà.

Mo sọ̀rọ̀ adìẹ pẹ́ díẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí a ń pè ní àmì búburú lára ẹ̀dá lè jẹ́ ọ̀rọ̀ nọ́mbà orin lásán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ adìẹ lọ́jà, adìẹ kò ní sunkún.

Ní ọdún 2016, ìyàwó ilé kan nínú ìjọ tí mo ń bójú tó bí ọmọkùnrin. Bàbá ọmọ dúdú bí kóró iṣin, ìyá náà dúdú. Àfín ni ọmọ. Ní ọjọ́ kẹta, kí àkùkọ tó kọ dáadáa, ìyá bàbá ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú, mo fẹ́ rí yín kí ojú tó pọ̀." Ó ní kò sí àfín nínú ìdílé àwọn láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Yálà ìyàwó gba oyún níta, tàbí ó gbé oyún rìn ní ọ̀sán gangan, tàbí ẹ̀mí kan ló pààrọ̀ ọmọ nínú. Èyí tó wù kó jẹ́, wọn kò ní sọ ọmọ náà lórúkọ nínú ilé àwọn. Ọkọ ìyàwó, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ń sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò ní ilé ìwòsàn.

Mo lọ kí ìyá ìkókó. Kò sunkún. Ó kàn wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, ṣé èmi ni mo ṣe é?"

Àwọn kan nínú ìjọ ní kí a gbé ọmọ náà lọ sórí òkè fún ìdáǹdè ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ̀. Mo gbàgbọ́ nínú ìdáǹdè, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí a fẹ́ lé jáde lára ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tó ń mu ọmú, tó ń sùn. Mo pe tọkọtaya náà jọ, mo pe ìyá ọkọ, mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá ìkókó, mo sì ní kí olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa wá.

Ìwé orin méjì ló gbé dání. Ó ní olúkúlùkù wa ní ìwé méjì nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ojú ewé kan bá ya nínú ọ̀kan, a ó máa kọrin náà láti inú èkejì, kò sì ní sí ẹni tó mọ̀. Ọkọ ní ìwé kan tí ojú ewé aró ya nínú rẹ̀. Aya náà ní ọ̀kan. Àwọn méjèèjì dúdú nítorí pé ìwé kejì wọn pé. Nígbà tí wọ́n ń fún ọmọ ní ìwé kọ̀ọ̀kan, èyí tó ya ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá, òun náà ló bọ́ sí i lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn aláró wà lára ọmọ yìí, wọ́n pé pérépéré. Wọ́n rin ìrìn wọn dé awọ, a pe nọ́mbà fún wọn, wọ́n ṣí ìwé, wọn kò bá orin níbẹ̀. Ó ní, "Ìwé ìyá nìkan kò lè fa èyí láéláé. Bí ti bàbá bá pé ni, ọmọ yìí ì bá dúdú."

Màmá bínú. "Ta ló ya ti ọmọ tèmi?"

"Màmá, ẹ má bínú, ó ti ya kí wọ́n tó bí yín."

Òtítọ́ sì ni. Jíìnì tí ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń kàn ní Áfíríkà ni wọ́n ń pè ní OCA2. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ibì kan náà ló ya lára ọ̀pọ̀ àfín, lẹ́tà bí 2,700 tó ti bọ́ sọnù, àti pé Áfíríkà ni yíya náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìran dé ìran, àwọn tó dúdú ló ń gbé e kiri láìmọ̀. Ní Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà, a máa ń rí àfín kan nínú bí ènìyàn 17,000 sí 20,000. Ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, àwọn ibòmíràn wà tí a ti ń rí ọ̀kan nínú 5,000, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú òyìnbó tó rí bí ojú ọ̀run pàápàá, OCA2 yìí kan náà ni. Ní ọdún 2008 ni wọ́n rí i pé ojú ewé tiwọn kò ya. Ẹni tó yẹ kó pe nọ́mbà rẹ̀ nínú ẹyinjú ni kò pè é sókè tó. Wọ́n ń fi ìyẹn ṣoge. Èyí tiwa, a fẹ́ fi lé ìyàwó jáde nílé.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ẹnì kan wà ní ilé ìyá ọkọ òun tí wọn kì í jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án. Òun kò rí ojú rẹ̀ dáadáa rí. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀.

A sọ ọmọ náà lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Màmá ló gbé e. Bàbá ọmọ ní tirẹ̀, kò bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan. Ó tó oṣù mélòó kan kó tó máa gbé ọmọ náà níta níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ fún un ní iyọ̀ jẹ bí ẹ ti ń fún àwọn yòókù. Àwọn baba wa ní ẹni òrìṣà ni àfín, pé kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oòrùn ni ọ̀tá. Aró tí a kò rí lára rẹ̀ ni agboorùn tí awọ ń lò. Oòrùn Kabba ní oṣù kejì àti ìkẹta kì í ṣe eré, jẹjẹrẹ awọ ara ló sì ń pa ọ̀pọ̀ àfín ní Áfíríkà láìtọ́jọ́. Ẹ ra fìlà ẹlẹ́tí gbòòrò fún un, ẹ wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù alápá gígùn, ẹ wá ìpara tí ń dènà oòrùn, ẹ má sì rán an lọ sí oko ní ọ̀sán. Egbò tó bá ju oṣù kan lọ lára rẹ̀ láìjinná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi fún òróró. Ojú rẹ̀ náà ńkọ́? Aró wúlò nígbà tí ojú ń dàgbà nínú oyún, nítorí náà kò ní ríran jìnnà. Ẹ sọ fún olùkọ́ pé iwájú ni kó máa jókòó. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní kò mọ ìwé, pátákó ni kò rí.

Ìjọba àpapọ̀ ti ní ìlànà lórí ọ̀rọ̀ àwọn àfín láti ọdún 2012. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 13 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún wọn, ọmọ Nàìjíríà kan, Ikponwosa Ero, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àfín, ni wọ́n sì kọ́kọ́ yàn ní ọdún 2015 láti máa ṣojú ọ̀rọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn arábìnrin wa kan ń fi owó ra ìpara bó aró tó pé kúrò lára wọn. Ọjọ́ mìíràn ni n ó fi jẹ ìyẹn níyà.

Tọkọtaya yẹn bi mí léèrè nípa ọmọ tó ń bọ̀, àwọn mìíràn sì ti ń bi mí láti ìgbà náà. Bí àwọn méjèèjì bá ní ìwé kan tó ya, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ àfín. Ẹlòmíràn gbọ́ èyí, ó rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ àfín, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e yóò dúdú dandan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń mú ìwé tirẹ̀ lọ́tun, oyún tuntun kò sì mọ ohun tó bọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin àfín kan tó fẹ́ gbéyàwó náà béèrè bóyá gbogbo ọmọ òun ni yóò jọ òun. Bí ìwé ìyàwó rẹ̀ méjèèjì bá pé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò jẹ́ àfín. Gbogbo wọn ni yóò dúdú, olúkúlùkù wọn yóò sì gbé ìwé kan tó ya dání lọ sí ilé ọkọ tàbí ilé aya.